Rélùwéè Kékeré fún Ọwọ́ Ọmọdé: Bí A Ṣe Kan Tiwa ní Ṣágámù

Ojú irin ò gba Ṣágámù kọjá, kò sì gba Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí ìjọba Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í ta irin láti Èkó ní 1896, ọ̀nà Agége àti Ìfọ̀ ni wọ́n tọ̀. Wọ́n dé Abẹ́òkúta, wọ́n sì dé Ìbàdàn ní 1901. Irin tuntun tí wọ́n ṣí ní June 2021 náà, Abẹ́òkúta ló tún gbà. Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mọ́tò la fi ń kó obì àti gàrí wa títí dòní.

Àwọn ọmọ àbúrò mi tó ń gbé Agége máa ń wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbọ́ fèrè rélùwéè nílé wọn. Ọdún tí èyí obìnrin pé méje, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Dádì Ṣágámù, ṣé ẹ ò ní rélùwéè níbí ni?" Mo ní a ò ní. Ó ní kí ló dé. Mo wá èsì tì, mo bá ní kò burú, a máa ta tiwa.

Méjì ni mo ti kàn báyìí. Ti àkọ́kọ́ kò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kó tó dòkú. Èkejì ti wọ ọdún kẹrin. Ti àkọ́kọ́ yẹn rẹwà, àlejò tó bá wọlé á dúró wò ó. Ọkọ̀ á yí po, á tún yí po. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, àwọn ọmọ ti gba ìta lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ìgbà tó yá ni ó yé mi: ọmọdé kì í fẹ́ wo rélùwéè, dẹ́rẹ́bà ló fẹ́ jẹ́. Gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀. Ibi tí ọwọ́ ọmọ bá lè dé, ohun tí ọwọ́ ọmọ bá lè ṣe tí kò ní kán, òun ni kí ẹ fi wọn gbogbo nǹkan.

Kí ẹ tó náwó

Ẹ kọ́kọ́ kó wọn lọ wo èyí tó tóbi. Ní tiwa, ibùdó rélùwéè Abẹ́òkúta la lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí bí ọkọ̀ ṣe ń wọlé, bí irin kan ṣe ń ya di méjì, ẹni tó dúró létí irin tó ń gbé àsíá. Tí ẹ bá padà délé, ẹ fún wọn ní bébà àti péńsù, kí wọ́n ya ohun tí wọ́n rí. Nínú èyí tí tiwa yà, ọkùnrin alásìíá tóbi ju ọkọ̀ lọ. Mo ti mọ̀ nígbà yẹn pé bí àsíá ò bá sí lórí tábìlì mi, iṣẹ́ asán ni mo ṣe.

Ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá ni nǹkan yìí wà fún. Èyí tí kò tíì pé mẹ́ta máa ń ki gbogbo nǹkan bọ ẹnu, wágọ̀nù kékeré sì ní ìdè àti táyà tó lè há ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ ra rélùwéè onígi fún ìyẹn.

Ní ti ìwọ̀n, mẹ́ta lẹ máa ń bá pàdé. Èyí tí wọ́n ń pè ní N, irin rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 9 péré; ẹ fi í sílẹ̀ fún àgbàlagbà tó ní sùúrù àti awò ojú. HO ni ti àwọn ará Amẹ́ríkà àti Jámánì, OO ni ti ìlú Òyìnbó. Irin kan náà ni HO àti OO ń rìn lórí rẹ̀, mìlímítà 16.5, nítorí náà ẹ lè pa wọ́n pọ̀. Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. A fi 87 dín ọkọ̀ gidi kù kó tó di HO. Ẹ fi 87 sọ 16.5 di púpọ̀, ẹ máa rí 1435, ìwọ̀n irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn gẹ́lẹ́. Ti OO, 76.2 ni wọ́n fi dín in kù, ó sì bọ́ sí bíi 1257, kì í ṣe ti irin tuntun, kì í ṣe ti irin àtijọ́ tó jẹ́ 1067. Kò bá ibì kankan mu ní Nàìjíríà. OO náà ni mo ń lò, nítorí òun ló pọ̀ nínú ẹrù tí àwọn ènìyàn wa ń kó bọ̀ láti London, ọmọ kankan ò sì tíì mú tépù wá bá mi.

Ohun tí ẹ máa rà ò pọ̀: ẹ́ńjìnnì kúkurú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan, wágọ̀nù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin márùn-ún, àti irin. Ẹ má ra kọ́ọ̀ṣì gígùn. Á máa já lójú kọ́nà, ìdí rẹ̀ á máa gbá ilé àti igi tí ẹ bá gbé sẹ́bàá ọ̀nà. Tí ẹ́ńjìnnì bá wà nínú páálí rẹ̀, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí i. DCC ni ìlànà tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ nípasẹ̀ ṣíípù inú rẹ̀. "DCC Ready" kò tíì ní ṣíípù nínú, iná lásán ló ń jẹ, òun la fẹ́. "DCC Fitted" ti ní ṣíípù, ó lè máa ṣe ségesège lórí irú iná tí a máa ṣe.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ mú òòfà kékeré kan dání. Ẹ fi í kan irin. Bó bá gbá a mú, irin lásán ni, kí òjò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó rọ̀ tán á ti dípẹtà. Irin tó dáa, níkẹ́lì wà nínú rẹ̀, òòfà kì í mú un. Ẹni tó ń tà á lè má mọ ìyàtọ̀, ẹ̀yin ẹ mọ̀ ọ́n.

Tábìlì

Plywood kan, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́jọ, tó nípọn ìlàjì íńṣì. Ẹ ní kí wọ́n fi ayùn gé e sí mẹ́rin sí mẹ́fà níbi tí ẹ ti rà á. Ìyókù, méjì sí mẹ́rin, ẹ má jẹ́ kó sọnù. Abẹ́ rẹ̀ ni káfíńtà máa kan férémù igi sí, kí ọ̀pá ìdábùú wà ní gbogbo íńṣì mẹ́rìndínlógún, torí ọmọ á gun un. Ẹ lè sọ fún wọn títí kí wọ́n má gun ún. Ẹ ṣáà ti kàn án bí ẹni pé wọ́n máa gun ún.

Gíga rẹ̀ ńkọ́? Ẹ pe ọmọ tó kéré jù, kó dúró, ẹ wọn ilẹ̀ dé ìdodo rẹ̀. Tiwa jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60. Àwọn tó ga á bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kò ní pa wọ́n. Ṣùgbọ́n bí tábìlì bá ga ju kékeré lọ, orí àga ló máa dúró sí, ibẹ̀ ló sì ti máa ṣubú. Apá ọmọ ọdún mẹ́fà kì í dé ibi tó ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Nítorí náà ni mo fi ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní ìbú, kí wọ́n lè dúró lápá méjèèjì. Tí yàrá yín ò bá gbà á, tí ó ní láti fara ti ògiri, ẹ má jẹ́ kó fẹ̀ ju méjì lọ.

Kí irin kankan tó gun orí rẹ̀, ẹ fi ọ̀dà olóróró kun ojú méjèèjì plywood, òkè àti abẹ́. Òkè nìkan ni mo kùn nígbà àkọ́kọ́. Oṣù kẹfà dé, òjò Ṣágámù bẹ̀rẹ̀, abẹ́ mu omi, pákó wú, ó yọ sókè bí ẹ̀yìn ìjàpá. Ibẹ̀ gan-an ni ti àkọ́kọ́ parí sí.

Láti ara pákó tó kù, ẹ gé ọ̀pá pẹlẹbẹ márùn-ún tó fẹ̀ ní íńṣì mẹ́ta, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ẹ fi ṣe ọgbà yí etí tábìlì ká, kó yọ sókè ní íńṣì kan àbọ̀. Ẹ́ńjìnnì tó bá fò lọ sórí sìmẹ́ǹtì láti gíga ìdodo ọmọ, ẹ ò ní rí i tún ṣe.

Ìwọ̀nba ni mo máa sọ nípa ikán, onílé ló mọ ohun tó ń bá a fínra. Ẹsẹ̀ tábìlì tiwa wà nínú agolo mílíìkì tí mo bu ọ́ìlì kọ̀ndẹ́ẹ̀mù díẹ̀ sí, mo sì fi nílọ́ọ̀nù bo ẹnu agolo kí ọmọ má fọwọ́ bọ̀ ọ́. Ikán ò gun ún, èèrà náà ò gun ún. Ọ̀rọ̀ èèrà ṣì ń bọ̀.

Ìlà irin

Ẹ má fi àwòrán tó díjú bẹ̀rẹ̀. Yípo kan bí ẹyin, ẹ̀ka irin méjì, ó tó. Fún yípo yìí, ẹ lo irin kọ́nà tí wọ́n ń pè ní radius kejì, mìlímítà 438 láti àárín òbìrí dé irin. Mẹ́jọ nínú èyí tó gùn ló máa ń pé òbìrí kan. Ẹ pín òbìrí yẹn sí méjì, ẹ fi irin gbọọrọ onímìlímítà 335 méjì-méjì sáàárín wọn lápá kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ á gùn ní bíi mìlímítà 1546, á fẹ̀ ní 876, á sì ku bíi mìlímítà 170 láti àárín irin sí etí tábìlì níwájú àti lẹ́yìn. Radius kìn-ín-ní, 371, wà. Ó há díẹ̀, ẹ́ńjìnnì kúkurú á gbà á, ṣùgbọ́n ẹ ò nílò rẹ̀ lórí tábìlì tó tó báyìí.

Ẹ̀ka irin ni ọ̀rọ̀ wà. Níbi tí irin méjì ti ń ya, póìǹtì ló ń wà níbẹ̀. Ẹ yọ ìdajì irin gbọọrọ kan, ẹ fi póìǹtì rọ́pò rẹ̀. Mìlímítà 168 ni gbogbo wọn, wọ́n bára mu. Ẹ fi ìdajì irin kọ́nà kan tẹ̀lé ẹnu ẹ̀ka náà, kó yí i padà. Ẹ̀ka á wá máa bá irin ńlá rìn ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́, àlàfo àárín wọn á jẹ́ 67. Ìwé ni mo kọ́kọ́ tẹ̀ lé, mo yà á sínú yípo. Mo tú u. Inú yípo, ọmọ á na ọwọ́ kọjá lórí irin ńlá kó tó dé ọ̀dọ̀ wágọ̀nù rẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ á sì gbá ọkọ̀ dànù. Ẹ yà á síta, sápá ibi tí ọmọ dúró sí. Ẹ̀ka á tún gùn sí i níbẹ̀, torí irin ńlá ń ṣẹ́ kọ́nà sá fún un. Wágọ̀nù márùn-ún á gbà láìfúnra. Ẹ ya ọ̀kan níwájú, ẹ ya èkejì lẹ́yìn. Tiwa, iwájú ni Ṣágámù, ẹ̀yìn ni Abẹ́òkúta.

Ohun kan tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí irin yí padà wá bá ara rẹ̀ kí ọkọ̀ lè kọ ẹ̀yìn síbi tó ti ń bọ̀. Ọ̀tún àti òsì iná á pàdé ara wọn níbẹ̀, á sì ṣẹ́ọ̀tì.

Ẹ má tíì kan ìṣó. Ẹ to irin kalẹ̀ báyìí, kí wọ́n fi ṣeré fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n á fi ibi tí nǹkan yẹ kó wà hàn yín. Lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ tí àwọn oníbàtà fi ń ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ sábẹ́ irin, torí plywood lásán máa ń dún bíi gángan. Ìṣó tín-ín-rín ni kí ẹ lò. Ẹ fi pìláyà tì í wọlé, ẹ má lu ú. Bí orí ìṣó bá ti kan igi ìdábùú irin, ẹ dúró níbẹ̀. Tí ẹ bá tì í kọjá bẹ́ẹ̀, igi á tẹ̀, irin méjèèjì á fà súnmọ́ra, ọkọ̀ á sì máa já níbẹ̀ lójoojúmọ́ tí ẹ ò ní mọ ìdí.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Ẹ di ojú yín, ẹ gbé èékánná ìka ìlábẹ̀ sí orí irin, ẹ rọra fà á lọ títí, kọjá gbogbo oríkèé. Ibi tí èékánná bá ti kọ́, bó ti wù kó kéré mọ, ibẹ̀ ni táyà máa kọ́. Ẹ tú u, ẹ tún un so. Àwọn ọmọ fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an, èékánná tiwọn sì ń mọ̀ ọ́n ju tèmi lọ.

Iná

Ẹ̀bùn tí mo kọ́kọ́ rí gbà, ẹ̀gbọ́n mi kan ló kó o wá láti Amẹ́ríkà. Adápítọ̀ rẹ̀, iná 110 ló ń jẹ. Tiwa, 230 ni. Ayọ̀ ò jẹ́ kí n ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Mo tẹ súwìṣì, ó dún "pá", òórùn rọ́bà jíjó gba pálọ̀. Ọmọkùnrin wò mí, ó ní, "Dádì, ṣé ó ti lọ ni?" Ó ti lọ.

Mo dúpẹ́ pé ó jó, torí òun ló gbé mi dé ibi tí mo wà. Rélùwéè yìí, DC volt 12 ló ń jẹ, bátìrì ló sì ń fún wa ní volt 12. Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, tiwa ò ní dúró. Bátìrì pípadé bí èyí tí wọ́n ń fi sínú UPS kékeré, volt 12, 7Ah, ni mo rà. Ẹ́ńjìnnì kékeré kì í jẹ tó ìlàjì ámpù, nítorí náà wákàtí mẹ́fà eré kò ní fà á kọjá ìdajì. Ẹ má jẹ́ kó lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ kí ẹ tó ṣájì rẹ̀, kó lè pẹ́. Bátìrì mọ́tò ńkọ́? Rárá o. Áásìdì inú rẹ̀ lè dà sílẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa so ó: láti ẹnu pupa bátìrì, fíùsì ámpù 3, kí ó súnmọ́ bátìrì bó ti lè ṣeé ṣe. Láti ibẹ̀ bọ́ sínú kọ̀ntírólà iyàrá, irú pátákó kékeré oníkókó yíyí tí àwọn tó ń ta ẹ̀yà rédíò ń pè ní PWM. Láti inú kọ̀ntírólà bọ́ sára bọ́ọ̀bù bíréèkì mọ́tò, volt 12, 21 watt. Láti ara bọ́ọ̀bù bọ́ sára súwìṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tó ń yí iná padà kí ọkọ̀ lè rìn sẹ́yìn, kó tó dé irin. Onírédíò àdúgbò yín á so súwìṣì yẹn fún yín láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ fa wáyà kejì gba abẹ́ tábìlì lọ sí irin lápá ẹ̀yìn, pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, kí ọkọ̀ má máa wọ́ ẹsẹ̀ níbẹ̀.

Bọ́ọ̀bù bíréèkì yẹn ni ìfẹ́ ọkàn mi nínú gbogbo ẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ń lọ dáadáa, kì í tàn, tàbí kó kàn pupa díẹ̀. Tí táyà bá já tí irin sì ṣẹ́ọ̀tì, gbogbo iná á kọjá nínú bọ́ọ̀bù, á tàn gbòò, kò sì ní jẹ́ kí iná tó ń kọjá tó ámpù 2. Fíùsì ò ní jó, wáyà ò ní gbóná. Ọmọ tí kò tíì mọ A mọ B mọ̀ pé "iná ti tàn, ọkọ̀ ti já". Ẹ gbé e sínú agolo tí ẹ lu lẹ́nu, jìnnà sí igi àti ọwọ́, torí ó ń gbóná.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí kókó kọ̀ntírólà lọ díẹ̀díẹ̀ títí tí ọkọ̀ á fi fẹ́ já ní kọ́nà. Ẹ dín in kù díẹ̀, ẹ fi ọ̀dà èékánná pupa fa ìlà síbẹ̀. Ẹni tó bá kọjá ìlà pupa sọ ipò dẹ́rẹ́bà nù. Póìǹtì ló tún ní tirẹ̀: àárín rẹ̀ ní rọ́bà tí iná ò gbà, ẹ́ńjìnnì kúkurú tó bá ń wọ́ bí ìgbín á dákú síbẹ̀. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n má rọra jù lórí póìǹtì. Àmọ́ póìǹtì kan náà yìí máa ń ṣe wá lóore. Bí ẹ bá yí i kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ka, iná ẹ̀ka á kú, ẹ́ńjìnnì tó wà níbẹ̀ á dúró jẹ́ẹ́ kí èyí tó wà lórí irin ńlá máa lọ.

Ohunkóhun tó bá jẹ́ iná 230 ò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ tábìlì yìí. Ìgbà tí wọ́n bá sùn ni kí ẹ ṣájì bátìrì.

Iṣẹ́

Ẹnì kan ni dẹ́rẹ́bà, ó wà nídìí kókó. Ẹnì kan ni alásìíá, òun nìkan ló ń yí póìǹtì, òun ló ń gbé àsíá ewé tàbí pupa. Ẹnì kan ni alẹ́rù, òun ló ń kó ẹrù sórí wágọ̀nù, òun ló ń já wágọ̀nù kúrò lára ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, alásìíá á tún ṣe alẹ́rù.

Ẹ̀rọ ìjá wágọ̀nù: ẹ gé káàdì ATM tó ti kú sí pẹlẹbẹ tóóró, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi áísìkiriìmù. Alẹ́rù á tì í bọ abẹ́ ìkọ́ àárín wágọ̀nù méjì, á gbé e sókè díẹ̀, ìkọ́ á bọ́.

Ẹrù wá dà? Gàrí Ìjẹ̀bú, mo ní kò sí ohun tó tún yẹ. Mo bu gàrí gidi sínú wágọ̀nù. Ó lẹ́wà lójú, ọkọ̀ ń lọ, gàrí ń dà díẹ̀díẹ̀ sórí irin, a ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di alẹ́, ẹ́ńjìnnì ń ké. Ọyẹ́ ni, gàrí gbẹ fúyẹ́fúyẹ́, ó ti wọ inú eyín ẹ̀rọ lábẹ́ ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ ni mo fi ń yọ ọ́ lẹ́yọlẹ́yọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, èèrà ti gba orí ògiri bọ́ sórí tábìlì, wọ́n tò lójú irin láti Ṣágámù dé Abẹ́òkúta, wọ́n ń kó gàrí lọ. Àwọn ọmọ ní àwọn ni rélùwéè tó dára jù.

Àpò la wá ń kó báyìí. Ìyàwó mi gba àjákù aṣọ lọ́wọ́ aránṣọ, ó rán àpò kéékèèké tó tó orí àtàǹpàkò, òwú ló ki sínú wọn, ó fi okùn dí ẹnu. Funfun ni gàrí, pupa ni obì, aláwọ̀ búlúù ni sìmẹ́ǹtì. Ẹ gé páálí sí káàdì ogún, ẹ kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí i: "Obì, àpò 4, láti Ṣágámù sí Abẹ́òkúta." Fún ẹni tí kò tíì mọ̀wé, ẹ ya obì mẹ́rin. Alẹ́rù á fa káàdì kan, á di ẹrù, alásìíá á yí póìǹtì, dẹ́rẹ́bà á wá mú wágọ̀nù. Ọ̀sán kan á lọ lórí káàdì mẹ́jọ.

Ìjà ńkọ́? Ìjà ló máa kọ́kọ́ dé. Ọgbọ́n tó pa á wá láti ọ̀dọ̀ rélùwéè gidi. Lórí irin kan ṣoṣo tí ọkọ̀ ń gbà lọ tó ń gbà bọ̀, àwọn Òyìnbó máa ń ní ọ̀pá kan. Dẹ́rẹ́bà tí ọ̀pá yẹn kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ wọ ojú irin, kí ọkọ̀ méjì má baà fi orí gbára wọn. Tiwa jẹ́ kọ́kọ́rọ́ idẹ àtijọ́ kan tí mo so okùn pupa mọ́. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀ ló ń wakọ̀. Tó bá ti já ẹrù káàdì kan tán, á bọ́ ọ, á fi kọ́ alásìíá lọ́rùn, gbogbo wọn á sún ipò kan. Mo jókòó sí pálọ̀ lọ́jọ́ kan, mo ń gbọ́ ariwo, mo ti fẹ́ dìde. Ni mo gbọ́ tí kékeré ní, "Kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́rùn ẹ, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi kókó sílẹ̀. Mo padà jókòó.

Ilẹ̀ pupa àti páànù

Apá yìí ló ń dùn mọ́ àgbà, ẹ má fi gbogbo owó síbẹ̀. Ilẹ̀ pupa wa ni ẹ máa lò: ẹ bu u, ẹ sá a gbẹ, ẹ fi asẹ́ kù ú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi nílọ́ọ̀nù wé òòfà yẹn, ẹ fà á káàkiri inú rẹ̀. Ẹ máa rí eruku dúdú tó lẹ̀ mọ́ ọn; irin ni, ilẹ̀ wa kún fún un. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀, òòfà inú mọ́tò ọkọ̀ á fà á wọlé, á sì pa á. Ẹ fa òòfà náà títí tí kò fi ní rí nǹkan kan mú mọ́. Ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun tí ẹ fi omi là, pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ kan, lẹ ilẹ̀ mọ́ pákó. Ẹ má da ilẹ̀ tàbí òkúta sáàárín irin.

Ilé: páálí ìndómì ni ara rẹ̀, páálí oníkẹ́kẹ́ wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń wé bọ́ọ̀bù ni òrùlé. Ẹ kùn ún ní àwọ̀ ìpẹtà. Bí ẹ bá ti gbé e lé ilé, páànù Ìjẹ̀bú-Òde gan-an ni. Ẹnu ọ̀nà ga ní mìlímítà 26, ènìyàn ga ní bíi 22. Kànrìnkàn ìbílẹ̀ tí a pa láró ewé ni igi obì. Ọwọ̀n ìgbálẹ̀ mẹ́rin tí a so pọ̀ ni ara ọ̀pẹ.

Ní kọ́nà ẹ̀yìn, a ṣe Ẹrẹ̀dò Súngbọ́, yàrà ńlá àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Yàrà gidi yẹn gùn ní bíi kìlómítà 160, ibi tó jìn jù nínú rẹ̀ ń lọ sí mítà 20. Tí a bá fi 76 pín in, sẹ̀ǹtímítà 26 ló yẹ kó ga. Ó ga jù fún apá ọmọ, mo dá a dúró sí 12. Ìwé ìròyìn àtijọ́ àti gọ́ọ̀mù ni ògiri rẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀kọ tàbí sítáàṣì ṣe é, aáyán á jẹ ẹ́. Kò ní òrùlé. Mo mọ̀ pé ihò abẹ́ òkè máa ń wu ọmọ, ṣùgbọ́n inú ihò ni ọkọ̀ máa ń yàn láti kú sí.

Eruku

Nígbà ọyẹ́, ẹ fi aṣọ funfun tí ẹ kán spírítì sí nu orí irin kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó tan iná. Bí aṣọ bá dúdú, ẹ nù ún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ nu táyà náà. Lóṣooṣù, ẹ yí ẹ́ńjìnnì dojú dé, ẹ wo ara ọ̀pá táyà. Nílé tí wọ́n ti ń dirun, okùn áátáṣímẹ́ǹtì ló máa ń wé mọ́ ọn. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gé e, ẹ fà á jáde. Òróró ẹ̀kán kan, lẹ́nu abẹ́rẹ́, ó ti tó. Ti gbogbo ìgò kọ́. Lálẹ́, aṣọ ìbora àtijọ́ ni kí ẹ fi bo gbogbo rẹ̀.

Ní ọlidé tó kọjá, èyí obìnrin ní Ìjẹ̀bú-Òde dà. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́wàá, kì í bèèrè "kí ló dé" mọ́, ibi tó máa wà ló ń bèèrè. Lára pákó méjì sí mẹ́rin yẹn, lẹ́yìn tí a gé ọgbà, ó ṣì ku bí íńṣì mẹ́jọ ní ìbú, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní gígùn, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ọjọ́ náà. A gé ọgbà tábìlì níbi tí ẹ̀ka Ṣágámù parí sí, a fi bóòtì méjì de pákó yẹn mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, a sì fa irin gbọọrọ wọ inú rẹ̀. Ó ti kọ "Òkè-Ajé", orúkọ ọjà Ìjẹ̀bú-Òde, sí páálí. Ọ̀dà abẹ́ rẹ̀ la ń dúró dè kó gbẹ.